Iná Tó Mọ Ẹni Tó Ń Mira

Ọmọ tí Ìyá Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ tọ́ dàgbà ló gbé iná tuntun wá sí yàrá ìránṣọ rẹ̀. Ó ní iná tí wọ́n ń tàn sílẹ̀ lásán ti pọ̀ jù. Èyí á tàn fúnra rẹ̀ béèyàn bá ń mira; bí kò bá sẹ́ni tó mira, á kú. Ọlọ́gbọ́n ọmọ!

Àmọ́ ẹni tó ń fọwọ́ rán etí aṣọ kì í mira, ìka nìkan ló ń lọ. Bí Ìyá bá ti tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́, iná á kú. Á ju apá sókè bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko, iná á tún tàn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, apá ro ó, kò jù ú mọ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú òkùnkùn.

Ọmọ wọlé, iná tàn yòò. “Háà, Màámi, ẹ wà níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán bọ́tìnnì yìí.”

Ìyá wo iná, ó wo ọmọ.

“Ìwà ẹ̀yin méjèèjì bára mu. Bí mi ò bá ti mira fún yín, ẹ ò mọ̀ pé mo wà ńlé.”