Apá Òsì Ojú Nimat

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Nimat. Kétu lòun àti ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fọ ẹnu, omi ń dà jáde ní apá òsì ètè rẹ̀. Ó wo dígí: ẹnu ti wọ́ sápá ọ̀tún, ojú òsì kò sì padé mọ́.

Àwọn ará ilé ní atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ. Ẹnìkan ní àwọn ayé ló gbá a létí lójú oorun. Ìyá rẹ̀ fi òrí pa á lójú, ó ní á lọ. Láti ìgbà náà, maṣíìnì lobìnrin náà máa ń kọjú sí tó bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Uncle Desmond, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà níléèwé, ní kí kálukú mú dígí wá.

"Ojú ara yín lẹ máa yà," ó ní. "Ẹ má kun ibi tó ṣókùnkùn. Ìlà ni kẹ́ ẹ tò síbẹ̀, kó sún mọ́ra dáadáa. Níbi tó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà jìnnà síra."

Nimat fi fọ́tò páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àtijọ́ sáàárín ìwé, ó sì ń wò ó yà. Uncle Desmond dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Nimat, ta lò ń yà yẹn? Ẹni tó jókòó síbí ni mo ní kó o yà."

Ohùn Nimat lọ sílẹ̀. "Uncle, tí mo bá yà á báyìí, tó wá jẹ́ pé bó ṣe máa wà títí nìyẹn ńkọ́?"

Ọkùnrin náà sún dígí sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò mọ bó ṣe máa wà. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ́ ló mú un wá."

Nimat gbé dígí. Ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìnnà síra sápá ọ̀tún. Apá òsì, ó hun ìlà lé ìlà bí àwọ̀n apẹja Agboyi. Ó ya bébà kan dànù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mojí tí wọ́n jọ jókòó ń bá a gbẹ́ pẹ́ńsù. Ojú òsì nìkan ni Nimat fi sílẹ̀ ní funfun, ó là rangandan.

Ó gbé àwòrán náà délé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ rí i nígbà tó ń gbálẹ̀. Ó dúró tì í pẹ́.

"Ṣé bí ojú yìí ṣe máa ń là sílẹ̀ nìyí tó o bá sùn?"

"Ẹ̀ẹn, mà. Ó máa ń ta mí."

Ìyá jókòó. "Mo rò pé tí mi ò bá kà á sí, á tètè lọ ni."

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sọ́sípítù. Dókítà ní iṣan ojú ló ṣàìsàn, ó fún un lóògùn àti omi tí wọ́n ń kán sójú. Ó ní ì bá dára ká ní wọ́n ti tètè wá.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa padà?" Nimat béèrè.

"Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà. A ó máa wò ó."

Nígbà tí Nimat dá àwòrán náà padà síléèwé, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ti àwọn yòókù, àtẹ̀gùn kejì sì ni Nimat ń gbà kó má bàa rí ẹni tó ń wò ó. Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀, ọṣẹ bọ́ sí i lójú, ó sì dà bíi pé ìpéǹpéjú òsì mì díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró ná, bóyá á tún mì.