Wáyà Tí Ìyá Ọkọ Mi Lù Bíi Gínì

Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń ta àkàrà ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, àkàrà tí kò tó ìkúùkù ọmọ ọwọ́. Òórùn epo rẹ̀ a máa wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi láràárọ̀, a pàdé òórùn rọ́bà gbígbóná níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, abẹ́ tábìlì kan ṣoṣo ni wáyà gbogbo wọn wà, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran lọ́wọ́ alápatà. Èmi tí mò ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo sá kúrò níléèwé kí ìwé tó mọ̀ mí, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Dádì, èwo lorí, èwo nìdí?"

Ọkọ mi a rẹ́rìn-ín, a na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì láìwo ibẹ̀, a fa ọ̀kan, ẹ̀rọ a sì jí. Àwọn tó ń tẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ lọ fi búra ní kóòtù Igbóṣeré ni oníbàárà rẹ̀, wọn kì í sì í ní sùúrù. Èyí tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ àga kọjá, ti ìtẹ̀wé nìyẹn. Èyí tó gun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ti kọ̀ǹpútà àárín ni. Bí a ṣe ń mọ ilé ládùúgbò wa náà nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló ń wo nọ́ńbà?

Àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Ó pẹ́ ní ọsibítù, owó ọjà mi sì bá a gbé ibẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ òsì àti ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀, dókítà ní kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, pé ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa fa ìyókù wá. Ìrètí tó kù fún wa nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo lọ mú un wálé, ìyá rẹ̀ ní àwọn máa tún ṣọ́ọ̀bù ṣe dè é. Iṣẹ́ lílu gínì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, kí aṣọ lè dán kó sì le. A dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun.

"Ìyàwó, wá wo iṣẹ́ àgbà!"

Wọ́n ti yọ gbogbo wáyà. Wọ́n fi ọṣẹ nù ún, wọ́n ká a ní ìká aṣọ títà, wọ́n fi ọ̀já funfun dì í ní ìdì-ìdì sórí tábìlì. Ó ń dán.

"Ìyá, kí ló dé tó pẹlẹbẹ báyìí? Ṣé ẹ lù ú ni?"

"Díẹ̀ ni. Ó lágídí. Gínì tó lágídí jù ú lọ, mo lù ú, ó sùn."

Ẹ̀rín gbé mi, mo fẹ́ bú sí i, ni mo bá rí ọkọ mi. Ó ti na ọwọ́ òsì sábẹ́ tábìlì. Ó ń fọwọ́ wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Ó yọ ọwọ́, ó mú ìdì kan, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn, ó wá kọjú sí mi.

"Èwo... lorí?"

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá. Ó ní àwọn wáyà kan ti dá nínú. Ó ki ọ̀kan bọ ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, èéfín sọ. "Màámi, tuntun lẹ máa rà." Mo ní kó bá mi wá ilé ìfowópamọ́ tí mo máa jà lólè. Ká tiẹ̀ rí tuntun rà, ta ló máa mọ̀ ọ́n bí ọkọ mi ṣe mọ ti tẹ́lẹ̀? Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń tú ìdì, tó ń ká a padà bí ìyá rẹ̀ ṣe ká a. Bí ìyá bá ti yọjú, wọ́n á béèrè pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Mo máa ń ní, "Dáadáa ni, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Onírin àlòkù ló kó o lọ nígbẹ̀yìn. Ó gbé ìdì kan sókè, ẹnu yà á. "Alhájà, ta ló di wáyà báyìí? Bí ẹrù ìyàwó!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kò sì mọ èwo ni mò ń ṣe. Jákujàku tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, inú rẹ̀ ni ọkọ mi wà, ìfẹ́ ìyá ló sì tú u. Onírin gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó ka owó lé mi lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti irinwó náírà, kò tó owó ọgọ́rùn-ún àkàrà.