Òmìrán Tí Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Gbé Jáde

Òórùn gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí yàrá ìgbàlejò ọ̀rẹ́ mi ní Basin, nílùú Ìlọrin, kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ni ọ̀rẹ́ mi yìí ní yunifásítì. Àwọn ẹlòmíràn lọ sí òkè òkun, wọ́n gbé mọ́tò dé. Òun gbé àpótí kan dé tó kún fún àwọn ọmọ ogun oníke, èyí tó ga jù nínú wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó gé páálí ṣe ilé, ó pa kànìnkànìn láró ṣe igi, ó tò ó sórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, ó sì kọ́ wa ní eré ogun. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún jẹun lórí tábìlì yẹn mọ́. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà, àwa bíi mélòó kan tí a ti ń ṣiṣẹ́ gba owó oṣù, tí àwọn òbí wa rò pé a ti gbọ́n, a ó kóra jọ síbẹ̀ láti máa jagun.

Eré náà kò le. Agbára kan náà ni wọ́n fún olúkúlùkù láti fi kó ogun tirẹ̀ jọ. O lè fi gbogbo rẹ̀ mú jagunjagun kéékèèké rẹpẹtẹ, o sì lè fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mú akọni kan ṣoṣo. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa gbé ọmọ ogun sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwọ gbé ọ̀kan, ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré gbé ọ̀kan, títí gbogbo wọn á fi tán. Ibi tí o bá gbé e sí náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n eré náà wà, nítorí ẹni tó bá ti tètè gbé ẹni ńlá rẹ̀ kalẹ̀ ti tú àṣírí ara rẹ̀ fún ọ̀tá.

Èmi ní òmìrán kan. Irin bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, òòlù ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Ẹnìkan tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó ni mo bẹ̀ kó bá mi rà á, iye tí mo sì san kò ṣeé sọ létí màmá mi tó ń ta ẹ̀pà ní ọjà Ìpàtà. Odindi oṣù kan ni mo fi kùn ún. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí n fi pamọ́ sínú páálí títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán? Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Màá gbé e kalẹ̀ gbàgà sí àárín tábìlì, màá wá máa wo ojú àwọn yòókù bóyá ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Inú mi á dùn débi pé n kì í rántí pé mo ṣì ní ọmọ ogun mìíràn.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà rárá ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì. Ọmọ àgbẹ̀ ni, abúlé kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti bí i. Tafàtafà kéékèèké ni gbogbo ogun tirẹ̀, ọ̀dà èékánná ló sì fi kùn wọ́n. Bí mo bá ti gbé òmìrán mi kalẹ̀, á rọra gbé tafàtafà kan sí ìkángun tábìlì lọ́hùn-ún, á gbé òmíràn sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹsẹ̀ òmìrán kò ti lè tètè dé. Òmìrán a sì máa wúwo, kì í yára. Bó ṣe ń lọ síwá sẹ́yìn bí àlejò tó ṣìnà ilé ni wọ́n á máa ta á lọ́fà títí yóò fi ṣubú. Tó bá ti ṣubú, èmi á fọwọ́ lẹ́rán, ó tán lójú tèmi.

“Ẹ̀gbọ́n, eré ò tíì tán o,” ni ọmọbìnrin náà máa ń wí. “Ẹ ṣì ní èèyàn nílẹ̀.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é rí.”

Níbi tó ti ń pa òmìrán mi láti Sátidé dé Sátidé ni ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lára. Nígbà tó yá, mo sọ fún un, ó ní òun ti mọ̀, òun kàn ń dúró kí n sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí i, òun ò ní fẹ́ mi, bó ti wù kí òun fẹ́ràn mi tó. Ó mú mi lọ kí wọn. Bàbá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún mi ní wàrà jẹ, wọ́n béèrè àlàáfíà màmá mi, wọn kò tilẹ̀ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo padà sílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ó wá kù kí ẹbí mi lọ tọrọ ọmọ. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni kékeré ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹni tí wọ́n lè dá padà láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, ọ̀rọ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti jinná ni wọ́n ń mú àgbà ẹbí lọ, kó kàn lọ dúpẹ́. Màmá mi ní àwọn àti àǹtí mi ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní rárá. Kí ni mo fẹ́ fi àwọn yẹn ṣe nígbà tí mo ní Bàbá GRA?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá GRA, GRA tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n. Wọ́n ti ṣe ọ̀gá àgbà nílé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn ló ń wo ẹ̀yìn mi. Ní gbogbo Ìlọrin, mi ò mọ ẹni tó lè wo ojú wọn kó sọ pé rárá. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n bá mi lọ. Wọ́n béèrè ẹni tó ti lọ ṣáájú. Mo ní kò sí. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́ náà, wọ́n wé láwàní, wọ́n wọ agbádá funfun tó ń dán. Ọkọ̀ ńlá dúdú la gbé wọ abúlé, tọmọdé tàgbà jáde wá wò ó. Bàbá ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, aṣọ oko ló ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá GRA dé òpin.

“Àlájì, ẹ kú wàhálà ọ̀nà,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi ò tíì tó ilé ọkọ.”

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ tí wọ́n ń wí. Bàbá GRA ní àwọn ti gbọ́, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Nígbà tí à ń padà lọ, wọ́n kàn ní kí dírẹ́bà bá àwọn dín ẹ̀rọ amúlétutù kù. Èmi jókòó lẹ́yìn, mo ń fi ìka họ ojú àga, mo sì ń rò ó bí mo ṣe máa gbé láyé láìní ọmọbìnrin yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a ní ìdí tábìlì. Mi ò gbé òmìrán kankan jáde.

“Bàbá mi fẹ́ràn yín,” ó wí. “Ta ló ní kí ẹ gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Tí wọ́n bá ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’, gbogbo abúlé á sọ pé mọ́tò ni wọ́n rí. Ẹ ò ṣẹ́ ọ̀rọ̀ míì kù sí wọn lẹ́nu ju ‘rárá’ lọ.”

Mo ní, “Ó ti tán nìyẹn.”

Ó gbójú sókè. Omijé wà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i. “Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ta ló kù nílẹ̀?”

Mo rò ó. Màmá mi ló kù, àti àǹtí mi, àti ọ̀rẹ́ mi tó ni tábìlì, àti èmi alára. Ogun tí kò lè dẹ́rù ba adìẹ. Ṣùgbọ́n mo kó wọn jáde. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la kọ́kọ́ lọ. Bàbá ọmọbìnrin náà béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀gbìn lókè òkun, ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ó kàn jẹ wàrà yó. Màmá mi àti àǹtí mi lọ lẹ́yìn náà, wọ́n bá àwọn obìnrin ilé pa ẹ̀pà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dé, wọn kò rí nǹkan kan sọ fún mi ju pé ẹ̀pà wọn dára lọ. Èmi náà wá ń dá lọ. Ìgbà ìkórè ni. Mo bá wọn hú ẹ̀pà, ọwọ́ mi bó, ìdajì ẹ̀pà ló ń já sínú ilẹ̀ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ ilé sì ń tọ̀ mí lẹ́yìn, wọ́n ń hú èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ lẹ́rán mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá náà na ife omi sí mi lóko.

“Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá kí mi, tí o jẹ wàrà tán tí o dìde lọ fọ abọ́, ọjọ́ yẹn ni mo ti fún ọ lọ́mọ nínú ọkàn mi,” ni wọ́n wí. “Ìyá rẹ ni mò ń retí kí n sọ ọ́ fún. O wá gbé èèyàn ńlá kò mí lójú bí ẹni wá jà. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ariwo mọ́tò náà ti rọlẹ̀ wàyí, sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n padà wá.”

Mo sunkún lójú wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí mi, wọ́n ń gbọn ilẹ̀ kúrò lára ẹ̀pà.

Ohun tí mi ò retí ni pé, kí ìgbéyàwó tó wáyé, bàbá ìyàwó mi gbé iṣu, wọ́n dá nìkan lọ sí GRA láti lọ tu Bàbá GRA nínú. Mi ò sí níbẹ̀. Mo kàn gbọ́ pé wọ́n jọ jókòó láti Àìlà di Àlàásárì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, tí ọ̀kan ń lọ sóko, tí èkejì ń wá sígboro.

Basin ni èmi àti ìyàwó mi náà wá ń gbé, a sì ṣì ń ṣeré ogun. Àwọn kéékèèké ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé jáde ní báyìí. Ó ṣì ń nà mí, kìkì pé ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó nà mí tán.

Bàbá GRA ti ṣaláìsí. Lẹ́yìn àdúà fìdáù wọn, èmi àti bàbá ìyàwó mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní GRA, èrò ti ń tú ká.

“Èèyàn dáadáa ni,” ni bàbá ìyàwó mi wí. “O kàn rán wọn wá bí ẹni rán ṣọ́jà ni.”

Mo ní òótọ́ ni.

“Wọ́n mọ̀ pé màá dá àwọn padà. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi nínú ilé yìí. Mo ní, ẹ mọ̀, ẹ tún wá? Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, o ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn rí àfi ìyẹn.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń fi ìtìjú rántí ìrìn àjò wa ọjọ́ náà, mo sì ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà fún àwọn ènìyàn kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, tí mo bá rántí rẹ̀, àgbàlagbà kan ni mò ń rí tó ń wé láwàní níwájú dígí, tó mọ̀ pé wọ́n máa dá òun padà, tó sì ń bá mi lọ.