Ìyá Òfin àti Ìbò Ẹgbẹ́ Òbí

Onídìrí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: àga mẹ́ta, dígí tó ti là létí, àti fèrèsé tó kọjú sí ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí: wọ́n ti fi ọdún méjì kún sáà ara wọn, kò ní sí ìbò mọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ìwé òfin ẹgbẹ́ jáde. Abala keje là á mọ́lẹ̀ pé ìpàdé gbogbo òbí nìkan ló lè sún ìbò síwájú. Abala kẹsàn-án ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òbí bá fọwọ́ sí ìwé, dandan ni kí ìgbìmọ̀ pe ìpàdé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ibi tó ti le ni pé àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni Alága.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣé Bàbá lo fẹ́ kọjú sí? Wọ́n á ní ìyàwó wa ò mọ àgbà."

"Mo mọ àgbà. Ìwé òfin ni mo ní kí wọ́n wò, mi ò ní kí wọ́n wo ojú mi."

Ọgọ́fà ni àwọn òbí. Ogójì ìbuwọ́lùwé ni onídìrí ń wá. Ẹni tí orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onídìrí, ibo ló fẹ́ sá lọ? Bó ṣe ń ya irun ló ń ṣàlàyé abala keje. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ sí i kí ó ṣáà lè sinmi, á ní, "Ẹ má ṣàánú mi o. Ohun tó bá yé yín ni kí ẹ fọwọ́ sí." Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Òfin. Obìnrin kan tilẹ̀ dìde tòun ti irun àdìdààbọ̀, ó ní òun ò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ Alága. Ó dun onídìrí wọra, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ti rí mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Alága. "Ẹ kúulé, Bàbá. Ìwé àwọn òbí rèé."

"Èmi lo fẹ́ yọ, ìyàwó?"

"Rárá o, Bàbá. Bí wọ́n bá dìbò tí wọ́n tún yàn yín, èmi ni màá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ buwọ́ lu òfin yìí."

Alága fi awò rẹ̀ sójú, ó kà á tán. "Èmi ni mo kọ abala kẹsàn-án," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń gbẹ́ kòtò dè."

Ọjọ́ ìpàdé, àwọn òbí jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún kan àgbọ̀n. Alága ò du ipò mọ́. Ni gbogbo ilé bá ké pé, "Ìyá Òfin!" Onídìrí ṣí abala kẹrin: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ò lè jẹ alága.

"Ọdún kejì mi rèé. Ẹ jẹ́ n jókòó jẹ́jẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìbò, télọ̀ kan wọlé. Alága àná fa òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì jáde láìwo ojú onídìrí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó Alága wá dirí. "Bàbá ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní o le, ṣùgbọ́n o ò parọ́ mọ́ àwọn."

"Ẹ bá mi kí wọn, Mà. Ẹ tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀," onídìrí dáhùn, ó mú ìyarun.