Ìṣó Orí Sàréè Bàbá Mi

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀rọ̀ inú ìwé Aísáyà tí a fín sára òkúta sàréè rẹ̀ ní Ọ̀kà: "Ìṣó ní ibi tí ó dájú." Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun sì ni gbogbo ẹbí gbójú lé. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n ń ké sí. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, òun náà ni. A gbà pé ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Látìgbà tó ti kú, èmi ni ẹbí gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn lé lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń lọ sí kíláàsì Bíbélì kan ní Ìkàrẹ́. Pásítọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ èdè Hébérù ló ń kọ́ wa. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó kọ "yated" sára pátákó. Ó ní ìṣó tí wọ́n fi ń de àgọ́ mọ́lẹ̀ ni, bí ìgbà tí a bá gún èèkàn fún ewúrẹ́. Òun ni Jáẹ́lì gbá wọ ẹ̀bátí ọ̀gágun tó sùn sí àgọ́ rẹ̀. Òun náà ni ọmọ ogun fi ń walẹ̀ láti bo ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé, "Ṣé òun náà ló wà nínú ìwé Aísáyà, sà?"

"Òun náà ni. Ara ògiri ni wọ́n kàn án mọ́ níbẹ̀, kí wọ́n lè fi nǹkan kọ́ ọ. Kà á sí wa létí. Kà á dópin."

Mo kà á. Ọlọ́run fi ìránṣẹ́ rẹ̀ kan wé ìṣó ní ibi tí ó dájú. Wọ́n gbé gbogbo ẹrù ilé bàbá ìránṣẹ́ náà kọ́ ọ, àti ife àti ìgò. Lẹ́yìn náà ni ìṣó náà yẹ̀, tó ṣẹ́, tó já bọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹrù ara rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀ láti kékeré.

Nígbà tí mo dé Ọ̀kà, ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Mà, a ti ṣe àṣìṣe lórí òkúta bàbá." Mo ṣàlàyé fún un.

Kò gbójú sókè. "Bàbá yín mọ̀."

"Kí ni wọ́n mọ̀?"

"Ìparí rẹ̀. Lórí àìsàn ni wọ́n ti kà á fún mi. Wọ́n ní ohun tí àwọn èèyàn gbé kọ́ àwọn ti pọ̀ jù, àwọn ò lè gbé e mọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, kí ẹ má baà yí ọ̀rọ̀ náà padà."

Mo wá ibi jókòó sí. Bàbá tí n kò gbọ́ ìráhùn lẹ́nu rẹ̀ rí. Gbogbo wa ń kọjá níwájú òkúta yẹn, a ń fi í yangàn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ní Àjọwá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Jẹ́ kí òkúta náà wà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ tí ẹbí ní kí ìwọ nìkan bójú tó yẹn, èmi náà ń bọ̀ lọ́la."