Ẹsẹ̀ Wolé-wolé

Kí a tó gbé Bàbá Ignatius láti Uso dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti tutù láti orúnkún dé àtàǹpàkò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ṣiṣẹ́ wolé-wolé títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń ti agboolé bọ́ sí agboolé, tó ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wolé-wolé lójú pópó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá ń lọ sóko, ẹ̀yìn Bàbá Ignatius nìkan ni mo máa ń rí, torí ó yára rìn jù wá lọ.

Dókítà Gbọ́lá ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Bí kò bá yọ́, gígé ló kù. Ó fi ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín méjì, tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan láti gbé oògùn wọlé, hàn wá. Ọ̀kan ní ihò lẹ́nu nìkan. Èkejì ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara, kí oògùn lè rin gbogbo ẹ̀jẹ̀ dídì náà pọ̀.

“Bó bá jẹ́ bàbá yín ni, èwo lẹ máa fi sí i lẹ́sẹ̀?” Bàbá bi í.

“Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá kúrú, olójú kan tó. Tiyín gùn. Olójú púpọ̀ ni.”

“Ẹ fi sí i.”

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Abigail mú fìlà tí wọ́n ń dé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ wá. Bàbá yí orí kúrò.

“Ọdún Ìgogo la wà yìí. Ọkùnrin Ọ̀wọ̀ kì í dé fìlà.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Èmi náà kò wé gèlè láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibí ni.”

“Ẹ fojú fò ó.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin wolé-wolé? Omi tí ìyá mi rù láti odò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dà á nù. Ó bẹ̀ yín títí kí ẹ fojú fò ó. Kí lẹ wí?”

Bàbá wo fìlà náà. Mo rò pé inú ń bí i.

“Tanwíjí wà níbẹ̀,” ó wí.

“Ó wà níbẹ̀. Irun náà sì wà lórí yín, ó lè já sójú ibi tí a fẹ́ lu.”

Ó tẹrí ba. Nọ́ọ̀sì dé e fún un, ó rọra fà á bo etí rẹ̀.

Òru yẹn ni wọ́n fi ọ̀pá náà sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà fi ìka kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ń lù níbẹ̀. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá ní kí n ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ó ń mi àtàǹpàkò díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò jíjìn dé.