Orúkọ Tí Ìyàwó Mi Kò Pè Rí

Ẹ jókòó. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí kó máa bó o lọ. Etí ni mo fẹ́ yá, n kò yá ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń sunkún yẹn mu ọmú tán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú, nítorí pé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ kò jẹ́ kí àwa náà kánjú.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Bí ọyẹ́ bá dé sí Ṣakí níbí, àwọn àpáta tó yí wa ká á sọnù sínú funfun, bí ẹni pé ẹnì kan fi èlùbọ́ kùn wọ́n, títí oòrùn á fi ga díẹ̀, kí wọ́n tó tún máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé wọ́n máa ń lọ síbì kan ni, tí wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Mo ti ṣe tíṣà, mo ti fẹ̀yìn tì, kò sì tíì dá mi lójú pé irọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ìgbẹ́tì ló ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà wálé, ó gba yàrá tó kọjú sí àgbàlá. Òun nìkan ló kù ní agbo ilé wa tó mọ oríkì ìyá wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpáta tí àwọn baba ìyá wa kọ́kọ́ dó sí, tó sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé orí ìyá wa fúnra rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí mo fi gbó ní irùngbọ̀n, n kò sì há a sórí. Ẹni tí odò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìgbà wo ló rántí bu omi pamọ́?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń jò kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi. Lówùúrọ̀, á jáde, á jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, á ní:

"Àbúrò, báwo ni wọ́n ṣe ń ki ìyá wa?"

N óò ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ ọ́n lánàá." Á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò ní pẹ́ lọ bá a mọ́. Tí mo bá débẹ̀, tí mo kúnlẹ̀, tí mo wá ń wò bọ̀ọ̀ ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni n óò máa wo ìyá tó bí mi bí àlejò?"

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Ó ti gbà pé òun yóò kú. Kí òun má lọ lọ́wọ́ òfo ni kò gbà.

Ẹ óò ní kí ló dé tí a kò kọ ọ́ sílẹ̀. A kọ ọ́. Ìyàwó mi ló kọ ọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wa sì ra kọ̀ǹpútà fún un, èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, tó ní àpótí dúdú tó ń kùn lábẹ́ bí ológbò tó yó. Ní ọyẹ́ ọdún kan, òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jókòó ní pálọ̀, ẹnì kan ń sọ, ìka ẹnì kejì ń ró lórí bọ́tìnnì bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Mo lè lọ sóko kí n sì bọ̀, kí n bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìyàwó mi sùn, kò jí. Kò sọ fún mi pé ibi báyìí ni òun kó o sí. Ta ló ń sọ ìyẹn nígbà tí kò mọ̀ pé òun ń lọ?

Mo tan ẹ̀rọ náà. Mo tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Òrùka kékeré kan ń yí, ó ń yí, ó sì kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan. Mo tẹ orúkọ ìyá wa. Kò rí i. Mo tẹ "oríkì". Kò rí i. Mo tẹ "ọmọ", ó da lẹ́tà ìkómọjáde ẹni ẹlẹ́ni bò mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe èyí. Lówùúrọ̀ ẹ̀gbọ́n mi á bi mí, lọ́sàn-án n óò bi kọ̀ǹpútà, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń wò mí.

Ni mo bá ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà gáréèjì. Ọ̀kadà ara rẹ̀ ló gùn wá, eruku pupa kún gèlè rẹ̀, báàgì irin iṣẹ́ wà léjìká.

"Ẹ kú ọyẹ́ o, bàbá."

"Ẹ kú ọyẹ́, Ìyá Ìbejì. Ara àwọn ọmọ yá?"

"Wọ́n wà, wọ́n ń bá ara wọn jà." Ó jókòó, ó gbọ́ ẹjọ́ mi, ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ rò pé ṣe ló ń wọ inú yàrá lọ wá a ni?"

"Ṣebí mo ní kó wá a."

"Kì í wá a, ọ̀lẹ ni. Ìwé atọ́ka kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń kọ ohun tó wà nílé sílẹ̀. Tí ẹ bá bi í léèrè, ìwé yẹn ló ń ṣí. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, á ní kò sí nílé, ì báà jókòó lé e lórí."

"Bí àwọn akọ̀wé ìjọba."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, bàbá. Ẹnu mi kọ́."

Ó fi hàn mí. Yàrá méjì ló wà nínú àpótí náà. Yàrá kìíní nìkan ni ìwé atọ́ka mọ̀. Yàrá kejì, níbi tí ìyàwó mi ń kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Èyí tó sì kọ nípa yàrá kìíní ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, nítorí iná tó ń lọ lójijì nígbà tó bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì ìyàwó mi kọ sínú fíláàṣì kékeré kan tó ń kó fáìlì pamọ́, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló fi àmì sí yàrá kejì, ó sì pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa ka inú ìwé, kó má máa ka orí rẹ̀ nìkan.

"Ó wá ku kí a pa ti àtijọ́ rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

Mo na ọwọ́ dá a dúró. "Pa kí ni rẹ́?"

"Ìwé atọ́ka ni, bàbá, kì í ṣe ẹrù. Tí wọ́n bá sun ìwé tí wọ́n fi ń ka àgùntàn, ṣé àgùntàn ló kú?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Òǹkà kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Oòrùn ti ń ràn, sólà yín á gbé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ṣe ló máa ń dẹ ẹsẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ká ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá Ìbejì náà kò lọ. Ó ní òun fẹ́ rí òpin rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó bá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lórí àpáta tó wà níwájú ilé, àwọn obìnrin ti sá gbodo, iṣu gbígbẹ náà funfun lọ bẹẹrẹ títí tí n kò fi mọ ibi tí ó parí sí àti ibi tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè.

"Ó ń ka ohun tó wà nílé, màmá," ni Ìyá Ìbejì dáhùn.

"Kó kà mí mọ́ ọn."

Ọ̀sán ń lọ. Mo ń gbọ́ bí àpótí náà ṣe ń kùn, oorun sì ń wá sí mi lójú, kì í ṣe oorun gidi. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìyàwó mi ló wà nínú ibẹ̀, pé ó wọ ìró ilé rẹ̀, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gbé nǹkan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn eruku rẹ̀, ó ń kà á, ó ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìkéde ìsìnkú. Lẹ́tà tó bá alárinà tẹ̀. Ìwé ìpàdé àwọn obìnrin àdúgbò. Kò kánjú. Ìgbà ayé rẹ̀ náà, kì í kánjú; tí mo bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Kíá kọ́ ló ń jinná."

Nígbà tí òjìji ilé dé ibi tí gbodo wà, òǹkà náà parí, ó dúró. Ìyá Ìbejì na ìka, ó ní kí n pe orúkọ tí òun máa tẹ̀. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò rí nǹkan kan. Mo pe ti ìyá wa. Kò rí nǹkan kan. "Oríkì" kó ti agbo ilé mẹ́fà jáde, ìyàwó mi ti bá gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́; a ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tiwa kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ki ìyá rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ sọ pé oríkì ni òun ń sọ.

Ìyá Ìbejì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ó dá yín lójú pé wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbí?"

Ojú gbodo ni mo gbé ojú mi sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ibi tí òun wà, ó jìnnà. Ó kàn la ẹnu, bí ẹni tó ń bá àpáta sọ̀rọ̀: "Láti ìgbà tí ìyàwó ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí ní Eyínmẹ́nugún mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ yọ. "Gbogbo yín, màmá, màmá, bí ọmọ ewúrẹ́."

Ìyá Ìbejì yíjú sí mi.

"Bàbá. Orúkọ wo lẹ ti ń tẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Orúkọ wọn. Èyí tí baba wa sọ wọ́n."

"Èyí tí ìyàwó yín ń pè wọ́n ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tó jókòó síbí kò nílò àlàyé. Obìnrin kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ ní orúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí kù ọ̀la kó wọlé. Ohun tó bá rí lára ẹni náà ni yóò fi pè é. Ogójì ọdún ni ìyàwó mi lò nílé mi, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kò bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ìyá mi, kò tilẹ̀ ṣeé dán wò. Èmi ọkùnrin wá jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń retí pé ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè, ìka rẹ̀ ni yóò kọ ọ́.

"Ẹ̀yin ọkọ!" Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. "Ogójì ọdún, ẹ ò mọ ohun tí ìyàwó yín ń pe ará ilé yín."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n ni."

"Bíi kọ̀ǹpútà yín."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ parí tí ìlà kan ṣoṣo fi yọ, láti inú yàrá kejì: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Eyínmẹ́nugún. Ó ṣí i. Mo wọ awò ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè.

"Ọmọ àpáta tí òjò ń rọ̀ sí tí kì í yó.
Ọmọ a-sá-gbodo-sórí-òkúta-kí-ẹyẹ-tó-jí.
Ẹ má bi wọ́n léèrè ọ̀nà odò nílé baba yín,
ẹsẹ̀ wọn ló la ọ̀nà náà kí odò tó ṣàn…"

Ètè ẹ̀gbọ́n mi ń mì. Ní ìlà kejì, ó ń tẹ̀ lé mi. Ní ìlà kẹrin, a jọ ń lọ. Lẹ́yìn náà n kò mọ ìgbà tó kọjá mi. Mo kàn gbọ́ pé ohùn mi ló wà lẹ́yìn, ti rẹ̀ wà níwájú, mo sì pa ẹnu dé. Àwọn tó ń kó gbodo dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Nígbà tó parí, ó wò wá bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ó ní, "Ẹ ti jẹun?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bèèrè. "Àbúrò, báwo ni wọ́n ṣe ń ki ìyá wa?" Mo tan ẹ̀rọ, mo kà á. Lójoojúmọ́ la ṣe bẹ́ẹ̀, títí ìtànná kajú fi gbọ̀n, tí òjò àkọ́kọ́ fi pa eruku. Lówùúrọ̀ kan, kí n tó rí awò ojú mi, mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń kì í lọ fúnra rẹ̀, geere, kò dúró níbì kan. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tó fi lọ.

Bí ohun tó ṣẹ́ kù ṣe pín nìyí. Àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá Ìbejì tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, a fún ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, òun alára mú igbá gbodo kan lọ, àti àwàdà tó fi ń kí mi lọ́jà títí dòní: "Bàbá, ẹ ti rántí pé ẹ mọ̀ ọ́n?" Kọ̀ǹpútà di ti ìyàwó ọmọ mi àbíkẹ́yìn, tó wọlé lọ́dún náà. Òun náà ló jogún Eyínmẹ́nugún. Ó fi orúkọ náà pe ọmọ-ọmọ mi kékeré tó bá nílé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín méjì nísàlẹ̀.

Ní tèmi, òwúrọ̀ ni mo jogún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí àwọn àpáta kò tíì dé, èmi ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí, tí mò ń ki ìyá mi. Ojú ìwé kò sí níwájú mi mọ́.